Béèsì Pọ̀, Ọ̀rọ̀ Kò Yé: Títo Sípíkà àti Wúfà nínú Iyàrá Ìgbàlejò Wa

Ìyá wa kì í bá wa jókòó ní iyàrá ìgbàlejò mọ́. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, tí àwọn ọmọ sì ti tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, a ó kàn rí wọn tí wọ́n rọra dìde, tí wọ́n mú ọ̀pá wọn, tí wọ́n sì gba iyàrá wọn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a rò pé oorun ni. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó mi kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé a ò ṣẹ̀ yín? Ẹ kì í jókòó tì wá mọ́." Ìdáhùn wọn kò gùn: "Ẹ ò ṣẹ̀ mí o, ọmọ mi. Ariwo ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ máa wo tiyín."

Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọdún 75 ni wọ́n. Gbogbo wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà láàárín ara wa pé etí ti ń lọ, pé ohun tí ọjọ́ orí ń mú wá ni. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gba ẹnu ọ̀nà iyàrá wọn kọjá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí tí wọ́n gbé sí ojú fèrèsé. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbọ́ ọ nìkan, wọ́n ń dá ẹni tí ó ń ka ìròyìn lóhùn, wọ́n ń bá a jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì. Rédíò náà kò sì lọ sókè rárá. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó. Etí tí ó ń gbọ́ rédíò olókùúta méjì yékéyéké, kí ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí sípíkà márùn-ún àti wúfà ràgàjì kan ń sọ?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni aládùúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe, ọ̀sán ni ó sì ń sùn. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín iyàrá ìgbàlejò wa àti iyàrá tí ó ń sùn sí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. N kò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń wò, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì mi ń gbọ̀n."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tí ó jókòó níwájú ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri, tí kò bá wa wò ó, kò rí oorun sùn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu, kò sì sí nínú etí ìyá wa. Inú ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà ni ó wà, àti ọ̀nà tí a gbà tò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá so ó fún wa kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó gbé sípíkà sí ibi tí àyè wà, ó yí béèsì dé òpin, ó fi orin kan dán an wò, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án mọ́, àyàfi bí a bá fẹ́ nu eruku.

Márùn-ún àti ìdá kan

Lára páálí hóòmù tíátà, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 5.1. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ra irú ẹ̀rọ yìí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí a ti já a mọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ tòde òní. Márùn-ún náà ni sípíkà iwájú lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tí ó wà láàárín wọn, àti méjì ti ẹ̀yìn. Ìdá kan tí ó kù ni ti wúfà. Tomlinson Holman, onímọ̀ nípa ohùn ní Amẹ́ríkà, ni ó dá orúkọ náà ní 1987, nígbà tí àwọn onímọ̀ sinimá ń jíròrò iye ọ̀nà tí ohùn sinimá gbọ́dọ̀ ní. Ní 1992 ni irú ohùn ọlọ́nà mẹ́fà yìí, èyí tí ilé iṣẹ́ Dolby ṣe, kọ́kọ́ bá sinimá Batman Returns wọ ilé sinimá. Àwo DVD, tí ó jáde ní Japan ní 1996, ni ó wá gbé e dé iyàrá ìgbàlejò àwọn ènìyàn káàkiri ayé.

Èéṣe tí wọn kò fi pe wúfà ní odindi? Gbogbo ohùn, gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá gbọ̀n ní ìgbà ogún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 20 Hertz ni a ń pè é. Etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bíi 20 títí dé 20,000. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún béèsì nínú sinimá kò kọjá 120. Ìwọ̀nba kíún ni, àrá àti ìró ìbọn ni wọ́n ṣe é fún. Ó yani lẹ́nu pé ìwọ̀nba kíún yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tò ṣáájú, tí a sì ń yí sókè jù.

Sípíkà àárín gan-an ni olórí. Nínú sinimá tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà, ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń gbà jáde. Bí a bá fi í wé agbo onílù, sípíkà àárín ni ìyá ìlù, òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Wúfà kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Agbo tí agbè bá ti bo ìyá ìlù mọ́lẹ̀, ijó lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ohun tí ìlù ń wí?

Ní ilé tiwa, ibo ni sípíkà àárín wà? Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, lẹ́yìn gíláàsì, òdòdó oníike kan sì wà níwájú rẹ̀.

Tà, kà, fà

Dókítà tí a mú ìyá wa lọ bá fi ẹ̀rọ yẹ etí wọn wò. Kò sí ìdí, ó ní, owó arúgbó ni: àwọn ohùn tín-ín-rín òkè ni ó ti dínkù, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì wà bí ó ti yẹ. Bí ọjọ́ orí ṣe máa ń bá etí ọ̀pọ̀ ènìyàn lò nìyẹn, láti òkè ni í ti í bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó wá wà ní òkè yẹn? Ẹ gbé gbólóhùn mẹ́ta yìí yẹ̀ wò: "ó tà á", "ó kà á", "ó fà á". Ohùn orí wọn kò yàtọ̀, fáwẹ̀lì wọn kò yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó ya ẹni tí ó ta ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ka ìwé àti ẹni tí ó fa okùn. Ariwo kékeré tí ahọ́n àti ètè ń ṣe nígbà tí a bá pe t, k, f, s tàbí ṣ, òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ní nǹkan bíi 2,000 Hertz sókè. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ èdè Yorùbá ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó wà: ohùn ọkùnrin máa ń wà láàárín nǹkan bíi 85 sí 180, ti obìnrin láàárín nǹkan bíi 165 sí 255. Nítorí náà, ẹni tí àgbà ti ń dé sí etí rẹ̀ lè máa gbọ́ orin ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ dùndún láti ọ̀nà jíjìn, tí ó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó ń wí.

Ìṣòro kejì tún wà. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá lágbára máa ń bo ohùn òkè mọ́lẹ̀ nínú etí, èyí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ ní ìdà kejì. Bí wúfà bá ń hó, àwọn kọ́ńsónáǹtì wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń sọnù, fún ọmọdé àti àgbà, ṣùgbọ́n àgbà ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Rédíò kékeré ojú fèrèsé ìyá wa kò ní béèsì kankan, kò sì sí ohun tí yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan náà ni ó kan kíké Kùránì tí a máa ń gbọ́ láti inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ní òwúrọ̀. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni, kò sì sí àrá níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lẹ́tà sīn àti thā, ohùn òkè ni ó gbé e. Bí béèsì bá pọ̀ jù, ohùn ẹni tí ń ké e yóò máa rọ́ gbì bí ẹni pé inú àgbá omi ni ó wà. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíké ni ẹ ń gbọ́, ẹ rẹ wúfà sílẹ̀, ẹ lè pa á pátápátá, kò sí ohun tí yóò sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ lórí agbára tí wọ́n ń kọ sí ara páálí. Bí ẹ bá rí iye wáàtì ńláńlá tí lẹ́tà PMPO tẹ̀ lé, ẹ má jẹ́ kí ó dùn mọ́ yín nínú. Kò sí òfin ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fi ń ka PMPO. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ni ó ń kà á bí ó ti wù ú. Iye tí ó tẹ̀ lé RMS ni kí ẹ máa wò, òun ni ẹ̀rọ lè fúnni láìdáwọ́dúró. Mo ti rí páálí tí ó pariwo ẹgbẹ̀rún wáàtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì fi lẹ́tà tíńtínní kọ ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Gbígbé sípíkà sí àyè rẹ̀

Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú téèpù tí ìyàwó mi fi ń wọn aṣọ. Ohun àkọ́kọ́ ni sípíkà àárín. Mo yọ ọ́ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e sí etí pákó, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an, mo sì fi páálí kékeré gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè máa wo ojú ẹni tí ó jókòó. Ohùn òkè a máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Bí sípíkà bá dojú kọ orúnkún yín, orúnkún yín ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn méjì iwájú tẹ̀ lé e. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya sí ẹ̀gbẹ́ ní ìgun 30 sí àárín, bí a bá ti ibi tí a jókòó sí wò ó. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n fún èyí. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tí ó wà láàárín sípíkà méjèèjì bá àlàfo tí ó wà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé àga yín dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ mítà mẹ́ta ni ẹ jìnnà sí wọn, kí wọn fi mítà mẹ́ta jìnnà síra. Kí wọ́n wà ní ìwọ̀n gíga etí ẹni tí ó jókòó. Tiwa wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, nítorí kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o.

Àwọn ti ẹ̀yìn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbé wọn sí, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n sì ga ju orí lọ. Ìṣòro ilé wa ni pé àga máa ń fara ti ògiri ẹ̀yìn, kò sí ẹ̀yìn tí sípíkà yóò wà. Ẹ gbé wọn sí ògiri ọ̀tún àti òsì nígbà náà, kò sí aburú níbẹ̀.

Wáyà wá kàn. Lára wáyà sípíkà, ẹsẹ̀ kan máa ń ní ìlà tàbí àwọ̀ ọ̀tọ̀. Pupa gbọ́dọ̀ bá pupa lọ, dúdú kí ó bá dúdú lọ, ní ìdí ẹ̀rọ àti ní ìdí sípíkà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ti sípíkà iwájú kan, sípíkà náà yóò máa sọ̀rọ̀, ìwọ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí èkejì bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, òun yóò máa fà á wọlé. Ohùn tí ó yẹ kí ó dúró sí àárín yóò fọ́n káàkiri iyàrá, kò ní ní ojú kan. Bí wáyà bá gba inú ògiri, tí a kò mọ èwo ni èwo, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ná, kí ẹ wá fi òkúta tọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́yọ kan, 1.5 volt, kan ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Bí ojú sípíkà bá sún síwájú, ẹsẹ̀ tí ó wà ní orí òkúta ni pupa. Bí ó bá wọlé, dúdú ni. Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé ti iwájú òsì wa ti dorí kodò láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn bọ́tìnì SETUP

Ẹ tẹ SETUP lórí rìmóòtù, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Speaker sí. Ẹ ó rí Large àti Small níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yan Large nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó lágbára jù. Kì í ṣe títóbi sípíkà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Large túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ rán gbogbo béèsì lọ sí sípíkà yẹn. Small túmọ̀ sí pé kí ó gba béèsì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbé e fún wúfà. Sípíkà kékeré tí ó bá inú páálí wá, tí ojú rẹ̀ kò ju ẹnu ife tíì lọ, Small ni kí ẹ fi í sí láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi tipátipá bọ́ ọ ní béèsì, yóò máa gbọ̀n pátipàti, ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ dáadáa pàápàá yóò bàjẹ́.

Ibi tí wúfà ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípíkà ni wọ́n ń pè ní crossover. Fún sípíkà tí ó tóbi díẹ̀, 80 Hertz ni iye tí wọ́n máa ń fi sí jù. Ìdí ni pé ohùn tí ó bá wà nísàlẹ̀ 80, etí ènìyàn kì í lè tọ́ka sí ibi tí ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn sípíkà kékeré kò lè sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀. 120 sí 150 ni tiwọn. Bí ẹ bá gbé e sí 80 fún wọn, kòtò yóò wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kọjá 150, ẹ rántí iye tí mo kọ lókè nípa ohùn ọkùnrin: òṣèré yóò máa sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ìdajì ohùn rẹ̀ yóò máa ti abẹ́ tábìlì igun ilé jáde. Ní àwọn ẹ̀rọ kan, ilé iṣẹ́ ti yan iye yìí sílẹ̀, kò ṣe é yí padà. Bí wúfà yín bá ní bọ́tìnì crossover tirẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì ní tirẹ̀, ẹ yí ti ara wúfà dé òkè pátápátá, kí ọ̀kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó kàn ni jíjìnnà, tí wọ́n kọ ní Distance. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 346 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ ilé wa. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá wà ní mítà kan sí etí yín, tí ti iwájú sì wà ní mítà mẹ́ta, ti ẹ̀yìn yóò ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ti iwájú tó dé. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àga, kí ẹ sì tẹ iye rẹ̀ sínú ẹ̀rọ; òun fúnra rẹ̀ yóò dá èyí tí ó súnmọ́ dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè dé pa pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Level. Ẹ jókòó sí àyè yín, ẹ tan Test Tone, ẹ̀rọ yóò máa fi ariwo bíi ti òjò lu sípíkà kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn dọ́gba ní etí yín. Àwọn ètò kan wà lórí fóònù lónìí tí ó ń ka dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wọn kò pé tán, ṣùgbọ́n wọ́n tó fún fífi sípíkà kan wé èkejì. Àwọn tí ń ṣe é bí iṣẹ́ máa ń lo 75. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba tán, mo fi 3 kún ti àárín, nítorí ìyá wa.

Síbẹ̀síbẹ̀, sípíkà àárín dákẹ́ nígbà tí a tan ètò ọjọ́ náà. Ó gba mí ní ìdajì wákàtí kí n tó mọ̀ pé STEREO ni ẹ̀rọ wà. Èyí ni ó bá ọ̀pọ̀ ilé jà. Sinimá Yorùbá tí a ń rà lórí VCD nígbà náà kò ní ju ọ̀nà ohùn méjì lọ, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣe VCD ní 1993 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n títí di òní náà, méjì ni. Ohùn ọlọ́nà méjì kì í dé sípíkà àárín bí STEREO bá wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ Pro Logic sí, pàápàá Pro Logic II, tí ó jáde ní 2000. Òun ni yóò fa ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nínú méjèèjì yọ, tí yóò sì gbé e fún àárín.

Ilé pẹ̀lú ń lu ìlù

Wúfà ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ohùn 40 Hertz gùn tó mítà mẹ́jọ ààbọ̀ àti díẹ̀ láti ìgbì kan dé èkejì. Kò sí iyàrá ìgbàlejò nínú ilé tí a ń gbé tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ohùn náà yóò lu ògiri, yóò padà, yóò pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Níbi tí ó bá ti bá ara rẹ̀ ṣọ̀rẹ́, béèsì yóò wú. Níbi tí ó bá ti bá ara rẹ̀ jà, béèsì yóò parẹ́. Iyàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4, yóò máa wú ní nǹkan bíi 35 àti 43 Hertz. Àjà tí ó ga ní mítà 3 yóò fi tirẹ̀ kún un ní nǹkan bíi 58. Ìdí nìyí tí orin kan fi máa ń dún déédéé títí yóò fi kan ohùn ìsàlẹ̀ kan báyìí, tí gíláàsì fèrèsé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Igun ilé ni ó burú jù, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń gbé wúfà sí, tí wọn yóò tún fi aṣọ àti òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí tábìlì. Igun ń jí gbogbo ìwúwo wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí àga rẹ̀ fara ti ògiri pẹ̀lú, ibi tí ó ti wú jù ni ó jókòó sí. Ẹni tí ó jókòó sí àárín gbùngbùn iyàrá lè má gbọ́ èyí tí ó rinlẹ̀ jù rárá. Bí ẹ bá lè fa àga kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kan ààbọ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí. Ẹ gbé wúfà sí orí àga tí ẹ máa ń jókòó sí gan-an. Ẹ tan orin tí béèsì rẹ̀ ń rìn sókè sódò. Kí ẹ wá máa rákò káàkiri iyàrá, kí etí yín wà nítòsí ilẹ̀, ní gbogbo ibi tí àyè wà fún wúfà. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ béèsì tí ó tẹ́jú, tí ohùn kan kò yọrí ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ohun tí wúfà ń ṣe sí etí láti ibí dé ọ̀hún, kò yàtọ̀ sí èyí tí yóò ṣe láti ọ̀hún dé ibí. Ọmọ mi obìnrin àbíkẹ́yìn gun mi lẹ́yìn, ó rò pé eré ẹṣin ni. Ibi tí mo rí ni ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n lápá òsì, ní nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ sí igun, ó sì jìnnà sí ògiri nọ́ọ̀sì pátápátá.

Bí wúfà bá ń kùn nígbà tí kò sí orin kankan, kì í ṣe iyàrá ni ó fà á. Iná mànàmáná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbègbè wúfà gan-an nìyẹn. Ẹ ya wáyà ohùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ó máa ń tó.

Ní ti aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù lè dá ọ̀rọ̀ dúró, kò lè dá béèsì dúró tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àti ògiri fúnra wọn ni yóò máa gbé e lọ. Fóòmù nínípọn lábẹ́ wúfà ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ jù ni rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àti bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ Night Mode sí, tàbí DRC ní àwọn ẹ̀rọ mìíràn: ó ń gbé ohùn wẹ́wẹ́ sókè, ó sì ń tẹ ariwo ńlá rì, kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìbọn jí ọmọ ẹlòmíràn. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kí ó padà sí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ó tẹ̀ mí láago. Ibi tí ó ti ní "Ó ti lọ, Ẹ̀gbọ́n", mo fi báírò sàmì sí i lára bọ́tìnì wúfà. Àmì náà wà níbẹ̀ títí di òní, kò sì sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ yí i kọjá rẹ̀.

Nítorí àwọn ọmọ náà ni ohun ìkẹyìn yìí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fún àwọn ẹ̀rọ tí a ń fi etí gbọ́ ni pé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà má kọjá, 75 sì ni ti ọmọdé fún iye wákàtí kan náà. Bí ó bá fi 3 péré gòkè, ìdajì wákàtí yẹn ni ó kù.

Ní alẹ́ Sátidé yẹn, ìyàwó mi lọ pe ìyá wa. Wọ́n jókòó sí etí àga, ọ̀pá wọn ṣì wà lọ́wọ́, bí ẹni tí yóò dìde láìpẹ́. Sinimá kan ni a ń wò, lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ bàbá kan ń jà sí. Nígbà tí ó dé ibi tí ẹ̀gbọ́n pe àbúrò rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ọmọ mi ọkùnrin ní, "Ṣé ẹ gbọ́, ó ní òun ti ka ìwé ilẹ̀ náà." Ìyá wa fi ọ̀pá sílẹ̀. "Ó ti kà á kẹ̀? Ó ní òun ti tà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ó ti ta ilẹ̀ bàbá wọn." A dá a padà, a tún un gbọ́. Tà ni.

Ó ku sípíkà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Wáyà rẹ̀ kò tó láti yí gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Mo ti ra mítà mẹ́wàá mìíràn, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, n kò tíì rí àyè so ó.